Apẹja Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Kì Í Kan Omi

Bí ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ bá ti ń di alẹ́, ẹ ó rí apẹja yìí ní Ago Palace Way l'Ékòó, ẹ ó rí i ní Ajao Estate, ẹ ó sì rí i ní ẹ̀gbẹ́ títì n'Ísọlọ̀ níbi tí èéfín ẹja yíyan ti ń pàdé èéfín jẹnẹrétọ̀. Ó ti tú bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù, ó ti to fóònù méjì sórí tábìlì, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sì wà láàárín wọn níbi tí ojú gbogbo èèyàn ti lè tó o. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò ṣe pàtàkì níbí, láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pè é ní Alága. Ẹja àrọ̀ point-and-kill ló bá wá, irú èyí tí oníbàárà ń nàka sí láàyè kí wọ́n tó pa á. Àmọ́ bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń ròyìn rẹ̀ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, "Èmi gan-an ni mo mú un, kò kéré sí kílò mẹ́ta," ẹ ó rò pé òun àtàwọn apẹja Ìlàjẹ ni wọ́n jọ sun ojú omi mọ́jú. Àwọn tó ń bú u máa ń sọ pé ọ̀jẹun ni, tàbí pé kò mọ owó ná. Wọ́n ṣì í mú. Oúnjẹ kọ́ ló gbé e jókòó síbẹ̀. Àṣẹ ló wá rà, ẹja kàn jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń wọn àṣẹ náà fún un ni.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Táńkì kan wà nídìí ògiri, wọ́n fi àwọ̀n bo ẹnu rẹ̀ kí ẹja má baà fò jáde. Alága á dìde, á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á rọra rìn débẹ̀ bí ìgbà tí gómìnà bá wá ṣí afárá. Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú ẹja á kí i: "Alága, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà." Kò ní dáhùn, ìka ló máa nà. "Ìyẹn." Ọmọ náà á ti àwọ̀n ọlọ́wọ́ bọmi, á gbé ọ̀kan jáde, omi á ta sí i lójú. "Ìyẹn kọ́ jàre, èyí tó sá lọ sábẹ́ yẹn ni mo ní." Á dà á padà, á gbé òmíràn. "Ó ti tínrín jù." Á tún dà á padà. Nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹrin, Alága á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á gbé ẹja sórí òṣùwọ̀n, Alága á sì bẹ̀rẹ̀ láti ka nọ́ńbà bíi pé òun ló ń tà á. Ó ku kí wọ́n la igi mọ́ ẹja lórí, ṣùgbọ́n wọ́n á dúró ná, fọ́tò kù. Ọmọ náà ló máa di ẹja mú, torí pé ara àrọ̀ ń yọ̀, ẹ̀wù Alága sì funfun. Bí fọ́tò náà bá jáde, ojú Alága lẹ ó rí, ẹ ó rí ẹja, ẹ ó sì rí ọwọ́ méjì tí kò ní olúwa.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ẹja àrọ̀ mọ̀ pé yíyàn yẹn ti parí kí Alága tó kúrò níbi iṣẹ́. Nínú àwọn adágún ẹja tó wà ní Eriwe lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tàbí àwọn tó wà n'Íkòròdú, àgbẹ̀ kì í jẹ́ kí ńlá àti kékeré jọ gbé, nítorí pé àrọ̀ ńlá a máa gbé kékeré mì. Ṣíṣà ni wọ́n ń ṣà wọ́n, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí dọjọ́ títà. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, wọ́n á tó kílò kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ ara wọn ló wà nínú táńkì yẹn: ọjọ́ orí kan, oúnjẹ kan, ìwọ̀n kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín "ìyẹn" àti "ìyẹn kọ́" kò tó ohun tí ahọ́n lè mọ̀ lẹ́yìn tí ata àti èfìrín bá ti wọnú ìkòkò. Àrọ̀ fúnra rẹ̀ ló jẹ́ kí eré yìí ṣeé ṣe. Ó ní ẹ̀yà kan nínú orí tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, ìdí nìyẹn tó fi ń fara da táńkì tó há, tí wọ́n sì lè gbé e sókè sódò fún fọ́tò láìkú. Ẹ dán an wò pẹ̀lú ṣawá, kò ní dúró de Alága. Bó bá jẹ́ ẹja ló ká a lára, ìbéèrè tó yẹ kó bi wọ́n pọ̀: ibo lẹ ti kó o wá? Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ omi yìí kẹ́yìn? Kì í bi wọ́n. Ẹni tó wá pàṣẹ kì í béèrè.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni wọ́n ti ń ta irú ọjà yìí. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ odò ló wà tí olówó ti ń sanwó fún afinimọ̀nà kó gbé òun lọ pa ẹja kan tí wọ́n ń pè ní smallmouth bass. Afinimọ̀nà ló mọ ẹ̀gbẹ́ òkúta tí ẹja sá pamọ́ sí, òun ló ń tukọ̀, òun ló ń so ìwọ̀, òun náà ló máa fi àwọ̀n gbé ẹja wọkọ̀. Oníbàárà á ju ìwọ̀ sómi, á ya fọ́tò, ọ̀pọ̀ wọn á sì dá ẹja padà sómi. Ẹnì kan lè sọ pé Alága tiwa sàn jù wọ́n lọ, ó kéré tán òun ń jẹ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lọ́hùn-ún tí kò sí nídìí táńkì: ẹja odò lè kọ̀. Ó lè wo ìwọ̀ kó yíjú padà, kí olówó sì fọwọ́ òfo relé lẹ́yìn tó ti san gbogbo owó. Bákan náà, ní Argungu, ní Ìpínlẹ̀ Kebbi, níbi tí ọdún ẹja pípa ti bẹ̀rẹ̀ ní 1934, tí UNESCO sì fi í sínú àkójọ àṣà àjogúnbá aráyé tí kò ṣeé fọwọ́ kàn ní 2016, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin ló ń bẹ́ sódò Matan Fada pẹ̀lú àwọ̀n ọlọ́wọ́ àti igbá, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló sì ń jáde láìrí ẹja tó lè gba ẹ̀bùn. Omi ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé rárá, ìyẹn ló sọ ẹja pípa di ẹja pípa. Alága sanwó kó lè wà níbi tí kò ti sí "rárá" kankan, àfi èyí tó bá ti ẹnu tiẹ̀ jáde.

Bẹ́ẹ̀ "rárá" ló fi ń jẹun láti Ajé títí di Jímọ̀. Ọ̀gá níbi iṣẹ́ ní rárá, onílé ní rárá, iná mànàmáná kì í tilẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó lọ. Bó bá gbé mọ́tò dé Òṣòdì, danfó á dábùú rẹ̀, òṣìṣẹ́ LASTMA tó ń darí ọkọ̀ á ní kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, àgbèrò á lu bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá alájà síbẹ̀ ní 2019, ṣùgbọ́n kò sí àjà kankan níbẹ̀ tí wọ́n ti ń gbàṣẹ lẹ́nu ẹni tó ní mọ́tò kan ṣoṣo.

Àwọn kan á ní owó rẹ̀ ni, kí ló kàn wá? Òótọ́ ni. Àgbẹ̀ ẹja àti màdámù tó ni ilé ọtí ń jẹun lára ìka yẹn, Nàìjíríà ló sì tẹ̀lé Íjíbítì nínú ẹja sísìn ní Áfíríkà, irú Alága wà lára ohun tó gbé wa débẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ẹja tí a bá rí láàyè, a mọ̀ pé kò tíì bàjẹ́. Ìyẹn náà ò ṣeé jiyàn, pàápàá nílùú tí iná kì í dúró ti fìríìsà. Ṣùgbọ́n wíwò ẹ̀ẹ̀kan ti tó láti mọ̀ pé ẹja ń mí, dídà á padà lẹ́ẹ̀mẹta kò fi kún ìlera ẹnikẹ́ni. Àwọn kẹta á béèrè pé ibo la fẹ́ kó ti pẹja, nígbà tó jẹ́ ọ̀rá àti ike ló ń wọ́ lọ nínú kànáàlì Ìsọlọ̀? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Alága ń gba orí kànáàlì yẹn kọjá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bó bá sì mu omi tán, ojú fèrèsé mọ́tò ni ike ń gbà jáde. Ìka tó tọ́ símú la fi ń romú. Ìka tó yẹ kó nà sí ìdọ̀tí yẹn, ẹja tí wọ́n ti sé mọ́lé ló ń nà án sí, torí pé kànáàlì lè gbọ́ àṣẹ kó má mira.

Kò sẹ́ni tó ní kí ọkùnrin má fẹ́ ọ̀wọ̀. Àléébù àṣẹ tí a fi kílò rà ni pé kò ṣeé gbé kúrò níbi tí a ti rà á. Ọmọ tó fojú gba omi yẹn, tó mọ èyí tó ń ṣàìsàn nínú àwọn ẹja náà, tó mọ ọjọ́ tí wọ́n kó wọn dé, òun ni apẹja ibẹ̀, igba náírà ni wọ́n sì fi ń dá a lọ́lá. Bí Alága bá fẹ́ ọlá tó lè bá a délé, kó béèrè ohun tí ọmọ náà mọ̀, kó gbọ́ ọ tán, kó tó nàka. Bí kò bá lè ṣe é, kó má gbàgbé pé orúkọ tí wọ́n fi ń kí i kì í ṣe tiẹ̀ nìkan: oníbàárà tó wà ní tábìlì kejì náà ń jẹ́ Alága, iye kan náà ni màdámù sì ń gbà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.