Àtàǹpàkò Tó Lóyún

Aránṣọ ni mí ní Daagbé, ní ilẹ̀ Benin, ọwọ́ mi ni mo sì fi ń jẹun. Ẹ di ojú mi, kí ẹ kó àǹkárá olandé gidi àti ayédèrú rẹ̀ sí iwájú mi: ọwọ́ yìí á yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹ tó yọ owó lápò. Àìmọye aṣọ tó gba Ìdí-Ìrókò wọ Igolo ni mo ti fọwọ́ pa lásán tí mo sì dá lẹ́jọ́, oníbàárà kan ò já mi nírọ́ rí. Ìgbéraga ọwọ́ yìí ló kó bá mi nígbà tí ìyàwó mi lóyún àkọ́kọ́.

Oyún náà ò tíì pé oṣù mẹ́rin tí mo ti ń dá a láàmú. Bí a bá jẹun alẹ́ tán, màá jókòó tì í lórí ẹní, màá fi àtàǹpàkò tẹ abẹ́ ìdodo rẹ̀, màá sì dijú. Ìyàwó mi á ní, "Baba ọmọ, ẹ̀wà tí mo jẹ lẹ̀ ń tẹ̀ yẹn o." N kì í dá a lóhùn. Ta ló ń bá aránṣọ sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń wọn aṣọ?

Àfi bó ṣe lù lálẹ́ ọjọ́ kan. Gbì, gbì, gbì. Mo gbọ́wọ́ kúrò, mo tún gbé e padà, ó ṣì ń lù. Mo fò dìde: ọlẹ̀ ti sọ! Ìyàwó mi ní òun ò mọ nǹkan kan lára. Mo bi í pé báwo ni èmi tí mo wà níta ṣe máa mọ̀ ọ́n kí ẹni tó gbé e sínú tó mọ̀. Kò fèsì, ó yí ojú sí ògiri, ó sùn.

Àwọn àgbà wa kì í pariwo oyún. Ikùn ìyá mi ló fúnra rẹ̀ sọ fún àdúgbò pé èmi ń bọ̀. Èmi ní tèmi, kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi ní Àjàṣẹ́, mo ti pe ìyá ìyàwó mi ní Sakété. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, àwọn oní-zémìjàn, ọlọ́kadà tó ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ti ń mu ọtí sódàbì tí mo rà fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn, bàbá ọlọ́mọ púpọ̀, béèrè pé oyún ti tó oṣù mélòó. Mo ní ó ń lọ sí mẹ́rin. Ó wò mí, ó wo ife ọwọ́ rẹ̀, ó sì panu mọ́. N ò bá a wí, ọ̀fẹ́ ni sódàbì.

Ìyá ìyàwó mi ò wá lọ́wọ́ òfo, àkùkọ ló gbé wá.

"Ọmọ mi, ẹ ní ó ń ta?"

"Màámi, ó ń ta gan-an. Ọkùnrin ni."

Ibi tí mo ti rí ọkùnrin, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ọjọ́ yẹn náà ni ayọ̀ mú mi gé léèsì oníbàárà kan tí mo sì rán apá òsì méjì sí bùbá kan ṣoṣo. Obìnrin náà ṣì ń kí mi, ṣùgbọ́n láti òdìkejì títì ni.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ láti ọdún 2016 pé ó yẹ kí aláboyún rí àwọn elétò ìlera tó ìgbà 8, ó kéré tán, kó tó bímọ. Ọ̀kan nínú ìgbà yẹn ni mo tẹ̀ lé ìyàwó mi lọ, torí mo ní ìròyìn tí mo fẹ́ jẹ́. Agbẹ̀bí jẹ́ kí n rojọ́ mi tán. Ó mú fèrè onígi, irú èyí tí dókítà ará Faransé kan, Adolphe Pinard, ṣe ní 1895, ó gbé e lé ikùn ìyàwó mi, ó fetí sí i, ó ní ó ti yá jù, pé nígbà tí oyún bá ń wọ oṣù karùn-ún ni fèrè yìí máa ń rí nǹkan gbọ́. Ó wá kọjú sí mi.

"Bọ̀dá, ẹ fi àtàǹpàkò yẹn tẹ tábìlì mi."

Mo tẹ̀ ẹ́. Gbì, gbì, gbì.

"Ṣé tábìlì náà ti lóyún ni?"

Àwọn aláboyún tó wà lórí bẹ́ǹṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ síbẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Agbẹ̀bí ní iṣan tó ń lù wà nínú àtàǹpàkò fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń ka ìlù ọkàn aláìsàn ò fi gbọdọ̀ lo ìka yẹn. Ọkàn àgbàlagbà ń lù tó ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan, ti ọmọ inú ń sáré tó 110 sí 160. Ọmọ ti ń mira láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 7 tàbí 8 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kéré ju ohun tí ìyá rẹ̀ lè mọ̀ lọ. Nínú oyún àkọ́kọ́, ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ 18 sí 20 kí ìyá tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ti bímọ rí lè mọ̀ ọ́n ní ọ̀sẹ̀ 16, torí ó ti mọ bó ṣe ń rí. Bí ibi ọmọ bá sì wà níwájú ikùn, ó tún lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ ọkọ ló wà lẹ́yìn pátápátá lórí ìlà. Ó kìlọ̀ fún ìyàwó mi pé bí ọmọ bá ti ń mira dáadáa tó wá dín in kù, kó má dúró de ọ̀la kó tó wá sílé ìwòsàn. Ìyàwó mi ló sọ ìyẹn fún mi. Àtàǹpàkò mi ni mo ń wò.

Mo wá ẹni tí a jọ jẹ̀bi, mo sì rí i nínú ìtàn: Màríà Kìíní, ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kọkànlá 1554, ó ní ọlẹ̀ sọ nínú òun nígbà tí Kádínà Reginald Pole wá kí òun. Wọ́n kọrin ọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Saint Paul ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìparí oṣù kẹrin 1555, òkìkí kàn pé ó ti bí ọkùnrin, wọ́n lu agogo. Kò sí ọmọ kankan. Ẹ ò rí i pé sódàbì tèmi kéré! Mo sáré lọ sọ fún ìyàwó mi. Ó ní ikùn ara rẹ̀ ni Màríà gbà gbọ́, kì í ṣe àtàǹpàkò.

Nígbà tí ọlẹ̀ wá sọ ní tòótọ́, èmi kọ́ ni ìyàwó mi kọ́kọ́ sọ fún. Ìyá rẹ̀ ló gbọ́, lẹ́yìn náà aládùúgbò, lẹ́yìn náà ẹni tó ń ta àkàsà. Ẹnu oní-zémìjàn ni èmi ti gbọ́. Mo fi aṣọ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, mo sáré wálé. Ó ní bí ìgbà tí ẹja kékeré bá ju ìrù lódò ni. Mo gbọ́wọ́ lé e, gbogbo ìka mi pátá, àfi àtàǹpàkò. Ọmọ dákẹ́. Mo gbé ọwọ́ kúrò, ìyàwó mi ní ó ti tún sọ. Báyìí la ṣe ń bá a lọ, èmi àti ọmọ náà, títí mo fi gbà pé ó mọ̀ mí, kò sì fẹ́ràn mi.

Oyún ti gòkè dáadáa lóru tí nǹkan kan gbá mi lẹ́yìn gbọn-in lójú oorun. Mo fi ìbínú jí.

"Jọ̀ọ́, gbé ìgbọ̀nwọ́ ẹ kúrò lẹ́yìn mi!"

Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn.

"Baba ọmọ, abẹ́ orí mi lọwọ́ mi méjèèjì wà."