Họ́ọ̀bù Tó Bàjẹ́: Ẹjọ́ Tí Ojú Kò Lè Dá

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí onímọ́tò ṣe ń parọ́ fún ara rẹ̀, kó dúró di ìgbà tí họ́ọ̀bù táyà iwájú bá bẹ̀rẹ̀ sí í hùn. Àwa onímọ́tò, mo ka ara mi mọ́ wọn, n ò sì ní yọ ara mi sílẹ̀ níbì kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀nà la máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Lẹ́yìn náà, ó kan táyà. Nígbà tí ìró náà bá wá bá wa dé ojú ọ̀dà tí kò ní kòtò kankan, a ó yí rédíò sókè, ó tán. Ọjọ́ tí mẹkáníìkì bá tú u tán, tó ní, "Ọ̀gá, ẹ wo nǹkan yìí," la ó di adájọ́ lójijì: a ó yí họ́ọ̀bù sọ́tùn-ún sósì, a ó fi àtàǹpàkò nù ún, a ó sì bèèrè ohun tó ti wà lọ́kàn wa láti àárọ̀: "Ṣé a ò lè máa lò ó lọ bẹ́ẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn kò burú, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìdáhùn rẹ̀ ń jẹ́ rárá. Ẹ̀rí tí a fi ń dá ẹjọ́ náà ló burú. Èyí tó dípẹtà wúruwùru, a sọ ọ́ nù. Èyí tó ń dán, a dá a padà sórí ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibi tí ìbàjẹ́ wà ló ń pinnu, kì í ṣe bó ṣe rí lójú. Ìpẹtà tó wà lójú pẹlẹbẹ tí dísìkì bíréèkì jókòó lé kò pa họ́ọ̀bù. Búrọ́ọ̀ṣì onírin ló fẹ́, nítorí bí wọn ò bá ha á kúrò, dísìkì á jókòó wọ́gọ, bíréèkì á sì máa gbọ̀n. Bóòtì táyà tó dá tàbí tó ti bọ́ eyín náà kò pa á. Òòlù á gbá a jáde, wọ́n á fa tuntun wọlé. Àwa náà la sì ń ba bóòtì ọ̀hún jẹ́: Toyota ní kí nọ́ọ̀tì Corolla le dé 103 N·m, àwa ní kí fọkanáísà gun orí sípánà kó máa fò. Àfi tí ihò bóòtì bá ti fẹ̀, tí bóòtì tuntun ń yí gbirigbiri nínú rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ họ́ọ̀bù yẹn tó parí. Bí eyín inú rẹ̀ tó ń gbá ọ̀pá ẹ̀rọ mú bá ti jẹ tán, òun náà parí nìyẹn.

Ibi tí ẹjọ́ ti le gan-an ni ọrùn tí bẹ́ríìnì ń jókòó lé. Bẹ́ríìnì kì í wọ ibẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, nítorí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ọrùn náà kó fi díẹ̀ tóbi ju ihò òrùka bẹ́ríìnì lọ. Fífún yẹn ni kì í jẹ́ kí òrùka yí lórí rẹ̀. Bí bẹ́ríìnì bá gbẹ, tó gan, tí ẹ́ńjìnnì sì ń fagbára yí táyà, òrùka á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí ọrùn họ́ọ̀bù, á máa jẹ ẹ́ lára díẹ̀díẹ̀. Ohun tó bá jẹ níbẹ̀ kì í pọ̀ lójú. Kódà ojú pẹlẹbẹ tí dísìkì ń jókòó lé, ọ̀pọ̀ ìwé àtúnṣe ọkọ̀ kéékèèké kò fàyè gba kó yẹ̀ ju nǹkan bí 0.05 mm lọ bó bá ń yí, irun orí ènìyàn sì sábà máa ń nípọn ju ìyẹn. Àtàǹpàkò wa kò mọ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Máíkírómítà ló lè wọn ọrùn náà, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin sì máa ń ní in. Dípò ká lọ bá wọn, a ní kí àwọn mẹkáníìkì fi ṣóńṣó irin lu ọrùn náà ní ojúàmì ojúàmì kó lè wú, tàbí kí wọ́n gé agolo mílíìkì kí wọ́n fi há a. Ó máa ń le lóòótọ́, títí di Ọjọ́ Ẹtì. Orí àwọn ojúàmì yẹn nìkan ni òrùka ń fara kàn, kò sì ní pẹ́ tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ.

Ẹnìkan á ní, ṣebí ilé iṣẹ́ ńláńlá ń fi iná jó irin kún ọ̀pá tó ti jẹ, wọ́n sì ń lò ó? Wọ́n ń ṣe é, àmọ́ wọ́n mọ irú irin tó jẹ́, wọ́n mọ ooru tí yóò gbà, wọ́n sì ń gbẹ́ ẹ padà sí ìwọ̀n. Jórinjórin ẹ̀gbẹ́ títì kò ní èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Iná rẹ̀ ń ba líle tí ilé iṣẹ́ fún họ́ọ̀bù jẹ́, irin ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó á sì di ohun tí kò lè tẹ̀, tó kàn ń dá ni.

Àwíjàre tí mo fẹ́ràn jù, torí àwa la ni ín, ni: "Mo mọ ọkọ̀ kan tó ti ń gbé họ́ọ̀bù tí wọ́n jó kiri tipẹ́." Àmọ́ irin pàápàá a máa rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1842, ásùlù ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin kan dá nítòsí Versailles ní ilẹ̀ Faransé, ènìyàn tó lé ní 50 sì kú. Lẹ́yìn náà ni August Wöhler, onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin ní Jámánì, fi ọ̀pọ̀ ọdún dán ásùlù wò, tó sì fi hàn pé irin tí wọ́n ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn léraléra lè dá lábẹ́ ẹrù tó kéré púpọ̀ sí èyí tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: táyà ọkọ̀ kékeré ń yí nǹkan bí ìgbà 500 ní kìlómítà kan, ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn sì tó kìlómítà 120. Ìyẹn ni pé họ́ọ̀bù á tẹ̀ bí ìgbà 60,000 ní àlọ nìkan. Ọkọ̀ tó ṣì ń rìn kò tíì dá ẹnikẹ́ni láre. Ó ṣì ń kà ni.

Bí irin họ́ọ̀bù bá ti ń sán kó tó dá, ó ní bí a ṣe ń wá sísán náà, kò sì gba owó. Ẹ fọ girísì kúrò lára họ́ọ̀bù, ẹ fi kẹrosíìnì pa á, pàápàá yí ihò bóòtì ká, ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá fi ẹfun tó kúnná kùn ún. Kẹrosíìnì tó sá pamọ́ sínú sísán á jáde, á fa ìlà dúdú sára ẹfun. Àwọn tó ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe láyé àtijọ́ lo epo àti ẹfun bẹ́ẹ̀. Sísán tó kéré jù lè fara pamọ́ fún un, ṣùgbọ́n ó sàn ju àtàǹpàkò lọ fíìfíì.

Ti owó ńkọ́? Òótọ́ ni, tuntun wọ́n, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń forí lé Ládípọ̀ ní Mushin lọ ra tòkunbọ̀. N ò rí àléébù níbẹ̀, bí a bá lè wọn ọrùn ti tòkunbọ̀ náà, ká sì fi ẹfun kùn ún, torí a ò mọ kòtò tó ti ṣubú sí lókè òkun. Èyí tí bẹ́ríìnì ti jẹ ọrùn rẹ̀, tàbí tí ẹfun ti tú àṣírí rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pamọ́ sí bọ́ọ̀tù nítorí ọjọ́ tí nǹkan bá le. Ẹ ní kí jórinjórin gé e sí méjì, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó yẹ kó bá họ́ọ̀bù ṣe nìyẹn, kẹ́ ẹ tó tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Bó bá ṣì wà lódindi, ẹnìkan á kùn ún ní ọ̀dà, yóò sì tún dé abẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn.