Wíwa Òkun Nínú Gbọ̀ngàn

Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, torí ẹni tí omi ń bínú sí gbọ́dọ̀ fi ìfarabalẹ̀ mú àjẹ̀. Ohun tí wọn kò rò tì ni pé àwọn kan yóò máa wà á ruru níbi tí òkun kò sí rárá.

Ní Royal Albert Hall ní Lọ́ńdọ̀nù, lálẹ́ tó kẹ́yìn àjọ̀dún orin tí wọ́n ń pè ní Proms, ó ti di àṣà kí ọ̀kẹ́sítírà, ìyẹn ẹgbẹ́ ńlá àwọn atagòjé, afọnfèrè àti onílù, ṣe àkópọ̀ orin atukọ̀ tí Henry Wood tò jọ ní 1905 láti fi ṣèrántí ọgọ́rùn-ún ọdún ogun ojú omi Trafalgar. Bí sẹ́lò, irú gòjé ńlá tí wọ́n ń fi sáàárín orúnkún ta, bá ti bẹ̀rẹ̀ orin arò atukọ̀ kan, àwọn èrò á fa aṣọ ìnujú yọ, wọ́n á máa nu omijé tí kò jáde. Bó bá kan orin ijó atukọ̀, wọ́n á máa fẹsẹ̀ kilẹ̀ títí ariwo wọn á fi fẹ́ bo orin mọ́lẹ̀. “Rule, Britannia!” ló ń kádìí rẹ̀, orin tí Thomas Arne ṣe ní 1740, tó ń fọ́nnu pé ọmọ Bìrìtéènì kò ní ṣẹrú láéláé, lásìkò tí ọkọ̀ Bìrìtéènì ń kó ọmọ Áfíríkà lẹ́rú sọdá òkun.

Orin náà dùn, ẹnì kan kò lè jiyàn ìyẹn. Ìgbéraga tí wọ́n dì mọ́ ọn ló ń pani lẹ́rìn-ín. Kódà, orin òkun mìíràn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní, A Sea Symphony ti Ralph Vaughan Williams, tí ẹgbẹ́ akọrin ń kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Leeds ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní 1910, ìlú aláṣọ tó jìnnà sétí òkun, Walt Whitman ará Amẹ́ríkà ló sì ni ewì inú rẹ̀, ewì tó ń kí ọkọ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè láìyọ ọ̀kan sílẹ̀.

Èkó ní tirẹ̀ kò gbọ́ ọ̀kẹ́sítírà kankan lóṣù Kejìlá 1851, nígbà tí ọkọ̀ ogun Bìrìtéènì rọ̀jò ọta àgbá lé ìlú náà lórí, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, tí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè.

Ní 2020, BBC, iléeṣẹ́ tó ń ṣètò Proms, kéde pé ọ̀kẹ́sítírà nìkan ni yóò ṣe orin Arne, láìsí ẹni tí yóò kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ariwo sọ, Olórí Ìjọba Boris Johnson pàápàá dá sí i, BBC sì yí ìpinnu náà padà. Nítorí àrùn kòrónà, kò sí òǹwòran kankan nínú gbọ̀ngàn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́.