Oríkì Òsì Balógun Àga Ìnàyìn

Onílù, fa awọ le. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ sún mọ́bí. Ẹni tí mo fẹ́ kì lónìí kì í ṣe ọba, kì í ṣe ọdẹ, kò pa ẹfọ̀n rí, èkúté ilé gan-an kì í sá fún un. Èrò ọkàn mi ni, èrò mi nípa olórin àti òṣèlú. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní apá òsì ni irú èrò bẹ́ẹ̀ ń gbé, lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbèjà mẹ̀kúnnù. Bí mo ti gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fi í joyè.

Òsì Balógun Àga Ìnàyìn, mo kí ọ o!
A-jókòó-jagun, jagunjagun tí ìdí rẹ̀ kì í kúrò lórí tìmùtìmù.
Fẹlá ni Aníkúlápó, ìwọ ni Anírìmóòtùlápò.
O tẹ bọ́tìnnì, ìjọba wó;
NEPA mú iná lọ, ìjọba padà sípò.
Ọmọ apá òsì tí kò fẹ́ fojú kan òṣì.
Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni,
ìwọ fi ọwọ́ òsì júwe ilé gbogbo olórin Nàìjíríà,
o ní kí aráyé wá wo ilé ọ̀dàlẹ̀.

Ta ló tó ọ mọ ìtàn? Kí ọtí tó dé orí tábìlì, o ti dé 1976, o ti gbé Zombie Fẹlá jáde. Kí ẹran tó tẹ̀lé e, o ti dé ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1977: àwọn ṣọ́jà ti yí Kàlákútà, ilé Fẹlá, ká, iná ti ń jó, wọ́n ti ju ìyá rẹ̀ arúgbó sílẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè. Omi máa ń lé ròrò sí ọ lójú níbẹ̀, èmi náà á sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá náà kú ní 1978. Nígbà tó di 1979, ọmọ rẹ̀ gbé pósí lọ sí Bárékè Dódán, níbi tí ìjọba ológun fi ṣe ibùjókòó. O máa ń sọ ìyẹn bí ẹni pé ìwọ lo di orí pósí mú. Ọdún wo ni wọ́n bí ọ? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bèèrè. Sìdíì Fẹlá rẹ tó ń bẹ nínú dúróà, ayédèrú ni, inú gósílóò ni o ti rà á, kọ́bọ̀ kan kò sì tọ́wọ́ ẹbí olóògbé.

Ṣùgbọ́n n kò ní í kì ọ́ kí n fo ibi tó dùn jù.

A-fapẹ̀rẹ̀-bo-ọ̀rọ̀-mọ́lẹ̀! Fẹlá kọ Lady ní 1972, ó fi obìnrin tó ní òun àti ọkùnrin dọ́gba ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 1978, ó fẹ́ obìnrin 27 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tí olórin mìíràn bá dá irú rẹ̀ láṣà, o ò bá ti sọ ọ́ lókùúta títí ilẹ̀ fi ṣú. Ti Fẹlá kàn, o ní àṣà ni, o ní ìgbà yẹn ni, o ní ká fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ká gbọ́ fèrè. Ìyá tó bí i ńkọ́? Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jọ, ọlọ́jà, aláró àti ìyàwó ilé, wọ́n ní àwọn kò san owó orí mọ́. Wọ́n jókòó níwájú ààfin, wọ́n ń kọrin èébú, kò sí gìtá, kò sí fèrè, kò sí ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kankan lẹ́yìn wọn. Ní 1949, Aláké Adémọ́lá fi oyè sílẹ̀. Lójú tèmi, kò tíì sí orin òṣèlú tó ṣiṣẹ́ tó ìyẹn ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Àmọ́ ìwọ Òsì Balógun, o lè ka orúkọ gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù ọmọ náà láìmí, o kò mọ orin kan lára ti àwọn ìyá wọ̀nyẹn. “Ìyá Fẹlá” lo ń pè é, àfi bí ẹni pé ọmọ ló bí i.

Mo tún júbà ìgboyà rẹ. Nígbà tí ìjọba Akíntọ́lá fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Ògúndé ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1964 nítorí eré Yorùbá Ronú, o ní ká ní o wà níbẹ̀ ni. Ó ṣeni láàánú pé o kò wà níbẹ̀.

A-dúró-de-òfin-kó-tó-fẹ́ràn-orin! Inú bí Ọbásanjọ́ sí Jaga Jaga ti Eedris Abdulkareem ní 2004, lọ́jọ́ náà ni o sọ Eedris di ọmọ ìyá rẹ. Lẹ́yìn ìyẹn o gbàgbé rẹ̀ fún ogún ọdún. Ní oṣù Kẹrin 2025, àjọ tó ń rí sí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé orin rẹ̀, Tell Your Papa, sáfẹ́fẹ́. Láàárọ̀ o kò mọ̀ pé ọkùnrin náà ṣì ń kọrin. Kí oòrùn tó dé àtàrí, o ti di lọ́yà rẹ̀. Di bí mo ti ń kọ èyí, o kò tíì gbọ́ orin náà parí.

Oṣù Kẹwàá 2020 ńkọ́? Falz àti Runtown bọ́ sí títì l'Ékòó, wọ́n ní kí ọlọ́pàá SARS kógbá sílé. Ìwọ mú bírò, o fa ìlà sórí ìwé, o ń kọ orúkọ olórin tó pẹ́ kó tó lanu. Wizkid jáde pẹ̀lú àwọn olùfẹ̀hónúhàn ní London; o ní London kì í ṣe Lẹ́kí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mo gbé ọ sínú, ojú fèrèsé ni mo jáde dé.

Orí onífújì ni idà rẹ ti máa ń mú jù. A-yinni-gbowó lo ń pè wọ́n. K1 De Ultimate kò fi í pamọ́ rí pé ti Tinúbú lòun ń ṣe, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí sì fi í jẹ Máyégún Ilẹ̀ Yorùbá ní 2020. O bínú sí oyè, o bínú sí fìlà, o bínú sí ìrùkẹ̀rẹ̀. Èmi náà kò fẹ́ kí olórin máa tọ ẹ̀yìn ìjọba nígbà tí gàrí ti gbówó lérí. Orí èyí la jọ wà. Kí n kàn yà bàrà díẹ̀. Olórin tí wọ́n ti ṣe ayédèrú iṣẹ́ rẹ̀ ní Àlàbá kí tirẹ̀ tó dé ọjà, kí ni yóò jẹ? Owó tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí ni owó oṣù rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀: onísákárà, oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, alágogo, àwọn elégbè. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ìwọ agbèjà òṣìṣẹ́, o kò fìgbà kan kà wọ́n mọ́ òṣìṣẹ́, o kò bèèrè iye tí ọ̀gá ń fún wọn. Nígbà ayé ìjọba Gowon tí wọ́n fowó kún owó oṣù, Àyìnlá Ọmọwúrà olórin àpàlà kọrin nípa àfikún náà, owó Údójì. Ọ̀rọ̀ àpò òṣìṣẹ́ pọ́ńbélé nìyẹn. O ní kò sí òṣèlú nínú àpàlà. Torí pé kò dárúkọ Marx, àbí?

Ọmọ tó ń bá wa fọṣọ kí ọ. Oṣù méjì la jẹ ẹ́. O ní bí mẹ̀kúnnù bá ti gbàjọba la ó san án.

Ó ku ti Sátidé. A lọ síbi ìnáwó òkú bàbá ọ̀rẹ́ mi kan. Onífújì tí wọ́n pè, n kò ní í dárúkọ rẹ̀, ó tó ọdún márùn-ún tí o ti ń bú u. O ní ká jókòó sẹ́yìn, ká jẹ ọ̀fadà wa, ká má mira, kí ó lè mọ̀ pé a ń fẹ̀hónú hàn. Ó dáa, mo gbà. Ẹnì kan lọ sọ orúkọ mi sí olórin létí. Ó fà á gùn, ó mí, ó kì mí dé orí bàbá mi. Wolé-wolé ni bàbá mi títí ó fi fẹ̀yìn tì, inú ilé àjùmọ̀gbé ló kú sí. Olórin ní ó kọ́ ilé mẹ́fà, ó fi ìkeje tọrẹ. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. O ti dìde.

O mọ òfin. Ìwọ lo kọ́ mi pé láti 2007 ni òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ka owó lílẹ̀ léèwọ̀, pé wọ́n tìtorí rẹ̀ rán Bobrisky lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní 2024, pé ìwà àwọn olówó aláìláàánú ni. Ohùn rẹ ni mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà, o ń pe obìnrin tó ń ta owó tuntun: “Ìyá, ẹ bá wa ṣẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sí igba-igba.” Ó yọ èrè tirẹ̀, o kò tilẹ̀ ná an.

Òsì Balógun jó, ó jó dé iwájú.
Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń lẹ owó.