Mo Wọkọ̀ Lọ Jẹ Titus ní West Acton

Aṣọ ni mo dá lẹ́bi. Wọ́n fi aṣọ aláró kan kọ́ ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ náà, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ lẹ́lẹ́. Ní ọjà tí ìyá mi ti tajà, àtẹ tí ẹ bá ti rí tí wọ́n daṣọ bò, ẹ máa bá tiyín lọ, ẹni tó ni ín ti relé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dúró sínú òtútù Lọ́ńdọ̀nù fún odidi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mò ń retí kí wọ́n wá ká aṣọ kúrò. Ìgbà tí obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ méjì tó wọ aṣọ ilé ìwé tẹ orí ba, tí wọ́n gba abẹ́ aṣọ wọlé ni ojú mi tó là.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló júwe ibẹ̀. Ó ní kí n fi Soho sílẹ̀ fún àwọn tó wá ya fọ́tò, kí n lọ síbi tí àwọn ará Japan fúnra wọn ti ń jẹun. Láti ọdún 1987 ni ilé ìwé wọn ti wà ní Creffield Road, ní Acton. Àwọn òbí háyà ilé yí i ká, ẹlẹ́ja tẹ̀lé wọn, olóúnjẹ náà sì tẹ̀lé wọn.

Bí mo ṣe wọlé, igbe ta: “Irasshaimase!” Alásè ké e, ọmọbìnrin tó ń gbé abọ́ ké e, ẹnì kan tí mi ò rí náà ké e láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó bá kí ni là á dá lóhùn. Mo tẹríba: “Ẹ kú ilé o! Ẹ kú iṣẹ́ o!” Ilẹ̀kùn tún ṣí, wọ́n tún ké e, mo tún jẹ́ ẹ. Nígbà tó fi di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọmọ tó wà ní tábìlì kejì ti ń wo ẹnu mi, ó ń retí.

Ẹja tí iná ò kàn kò lè wọ ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo nàka sí àwòrán ẹja sísun kan, wọ́n ní saba ni. Wọ́n gbé e dé. Ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀. Titus! Titus tó kún orí yìnyín ní Rye Lane, ní Peckham, tí mò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láràárọ̀! Ọkọ̀ mẹ́ta ni mo wọ̀ o.

Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́. Iyọ̀ àti iná nìkan ni wọ́n fi ṣe é. Awọ rẹ̀ ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́nu, ọ̀rá ṣì wà nínú ẹran rẹ̀, wọ́n sì rin ràdíṣì funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni rin gbágùúdá. Ojú tì mí fún gbogbo èyí tí mo ti dín gbẹ láyé mi.

Inú dídùn ló mú mi ki igi ìjẹun méjèèjì bọ àárín ìrẹsì, wọ́n dúró ṣánṣán, kí n lè ráyè nu ọwọ́. Ìyá àgbà tó ni ilé oúnjẹ sáré dé, ó yọ wọ́n, ó tẹ́ wọn sílẹ̀ jẹ́ẹ́, kò sọ nǹkan kan. “Ẹ ṣeun, mà,” ni mo ń wí, mo rò pé wọ́n ń kẹ́ mi ni. Lọ́jọ́ Ajé ni ọ̀rẹ́ mi tó là mí lọ́yẹ̀ pé bí wọ́n ṣe ń gbé ìrẹsì síwájú òkú nìyẹn. Àṣé mo ti ń ṣe sàráà ara mi!

Mo ti padà lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹ̀yin náà, ẹ yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Tí ẹ bá bá aṣọ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń tajà nìyẹn; ẹ tẹ orí ba, ẹ wọlé.