Ta Ni Yóò Bá Wọn Bẹ Olówó Pittsburgh?

Lọ́jọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 2025, ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan ń pòòyì lókè pápá PNC Park nílùú Pittsburgh. Ó so àsíá gbọọrọ kan mọ́ ìdí, ohun tí wọ́n sì kọ sí i kò ju pé kí Bob lọ ta ẹgbẹ́ náà. Ọjọ́ yẹn ni Pirates, ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù ìlú náà, kọ́kọ́ gbàlejò nílé ní sáà tuntun, New York Yankees sì ni àlejò wọn. Nísàlẹ̀, àwọn tó sanwó wọlé gbé ohùn sókè, wọ́n ń fi kọrin: ta ẹgbẹ́ yìí, ta ẹgbẹ́ yìí. Bob tí wọ́n ń bá wí ni Bob Nutting, ẹni tí àṣẹ ẹgbẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún 2007.

Ọmọ Yorùbá tó bá jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ì báà ṣe nọ́ọ̀sì tó gba ìsinmi ni o, ì báà ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀rẹ́ fà lọ́wọ́ wá, á yanu sílẹ̀. Nílé, ẹni tó bá háyà ọkọ̀ òfuurufú nítorí olówó, “Ẹ kú ọjọ́ ìbí, Baba wa” ló máa kọ sára àsíá. Fọ́tò olówó á wà lápá kan, oyè mẹ́rin á sì ṣáájú orúkọ rẹ̀. Bí olówó bá háwọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Tó bá wá le jù, wọ́n á rán àgbà méjì sí i lálẹ́, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n á ní, “Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú ìlú.” Ní Pittsburgh, kò sí àgbà tí wọ́n lè rán. Ohun tí wọ́n ní kò ju orin ẹnu wọn lọ, àti fìlà orí wọn, èyí tí wọ́n fi owó ara wọn rà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọkùnrin tí wọ́n ń bú.

Ẹ̀sùn náà kò lọ́jú pọ̀. Ìdílé Nutting, àwọn oníwèé-ìròyìn láti Wheeling ní ìpínlẹ̀ West Virginia, rí já jẹ dáadáa. Àwọn alátìlẹ́yìn Pirates ní owó wà, ọwọ́ ni kò tú. Láti 1993 títí di 2012, sáà 20 gbáko léra wọn, ìgbà tí wọ́n na Pirates pọ̀ ju ìgbà tí Pirates na ẹlòmíràn lọ. Kò sí ẹgbẹ́ kankan nínú àwọn líìgì ńláńlá Amẹ́ríkà tó ṣe irú ẹ̀ rí. Ká sòótọ́, 14 nínú sáà náà ti lọ kí Nutting tó gorí àga. Àmọ́ lóṣù kẹjọ 2010, ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́ náà jò síta, ará ìlú sì fojú ara wọn rí i pé èrè tí Pirates jẹ ní 2007 àti 2008 lé ní 29 mílíọ̀nù dọ́là. Ní ọdún méjèèjì yẹn, ìgbà 94 àti ìgbà 95 ni wọ́n nà wọ́n. Ṣé ẹ rí i, ìyẹn ló dun ará Pittsburgh jù. Wọ́n ti gbà pé ẹgbẹ́ àwọn ń pàdánù, wọn ò mọ̀ pé ẹnì kan wà nínú ilé tí kò pàdánù.

Ará Ìbàdàn tí wọ́n bá ròyìn yìí fún, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa bi wọ́n: “Kí ló dé tí wọn ò já wọn sí ìpele kejì?” Ìbéèrè gidi ni. Shooting Stars, “Sooting” tí gbogbo Ìbàdàn mọ̀, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976, já ní 2017. Ìpele kejì ni wọ́n wà títí di 2021 kí wọ́n tó padà wá. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni wọ́n, síbẹ̀ kò sí gómìnà tó lè sọ pé kí wọ́n má já. Àní ní 1984, tí Zamalek ilẹ̀ Íjíbítì borí wọn ní àṣekágbá ife àwọn akọni Áfíríkà, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ náà bínú, ó tú ẹgbẹ́ náà ká. Àṣekágbá ni o! Ìlú kan wà tí wọ́n ti ń tú ẹgbẹ́ ká nítorí pé ó ṣe ipò kejì ní gbogbo Áfíríkà. Ìlú mìíràn wà tí wọ́n ti pàdánù fún ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni kò tú ẹgbẹ́ náà ká.

Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kì í já. Ọgbọ̀n ni wọ́n nínú líìgì béésìbọ́ọ̀lù ńlá, ọgbọ̀n náà ni wọ́n á wà lọ́dún tó ń bọ̀, ì báà jẹ́ ìgbà 120 ni wọ́n na ọ̀kan nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyà kọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹni tó bá ṣe burúkú. Àwọn tó gbẹ̀yìn ni àyè wọn máa ń pọ̀ jù láti kọ́kọ́ mú ọmọ tó dára jù nígbà tí wọ́n bá ń pín àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù. Owó náà tún ń bọ̀ láti ibòmíràn: ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń kó 48 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá pa nílùú rẹ̀ sínú àpò kan, wọ́n á sì pín in dọ́gbadọ́gba fún gbogbo ọgbọ̀n. Owó New York àti Los Angeles ń dé Pittsburgh lọ́dọọdún. Wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kí ẹgbẹ́ kékeré fi tún ara rẹ̀ ṣe. Ibi tó wá ń gbà lọ lẹ́yìn náà ni ariwo wà.

Ẹ wo Paul Skenes. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga onírunmú yìí ni Pirates kọ́kọ́ mú ní 2023, èrè ìjìyà tí wọ́n ti jẹ. Bọ́ọ̀lù tó bá jù lè sáré ju 160 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Ní 2025, kì í jẹ́ kí alátakò rí tó ayò méjì láàárín odidi ìdíje kan tá a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Cy Young, ti ajubọ́ọ̀lù tó dára jù, kò sí ẹnì kan nínú àwọn tó dìbò tó fi ẹlòmíràn ṣe àkọ́kọ́. Iye ìgbà tó borí lọ́dún náà? Mẹ́wàá. Iye ìgbà tó fìdí rẹmi? Mẹ́wàá. Ó ń ju bọ́ọ̀lù bí iwin, àwọn tó yẹ kó gbá tiwọn kò rí i gbá.

Owó rẹ̀ lọ́dún náà ńkọ́? 875,000 dọ́là, tá a bá yọ àjẹmọ́nú kúrò. Òfin líìgì ló fàyè gbà á: ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, owó kékeré, odidi ọdún mẹ́fà sì ni kó tó lè lọ síbi tó wù ú. Ìtàn tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín jù ni ti káàdì rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ káàdì agbábọ́ọ̀lù ṣe ẹyọ kan ṣoṣo tó ní àmì ara aṣọ tí Skenes wọ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbá. Pirates kéde pé ẹni tó bá rí i, kó gbé e wá, àwọn á fún un ní ìjókòó ọ̀fẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, pẹ̀lú oríṣiríṣi ẹ̀bùn mìíràn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kan ní Los Angeles ló rí káàdì náà. Ẹbí ọmọ náà gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò, wọ́n ní ká má ri, wọ́n sì gbé e lọ sí gbàǹjo, níbi tó ti pa 1.11 mílíọ̀nù dọ́là ní 2025. Páálí tí wọ́n tẹ àwòrán ọkùnrin náà sí wá wọ́n ju owó tí wọ́n san fún ọkùnrin náà lódidi ọdún yẹn lọ. Ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ní kí ọmọ kékeré fi máa wo Pirates, ṣé ẹ̀bùn nìyẹn àbí ẹ̀wọ̀n?

Ìyẹn ò ní kí èrò má wọ́ wá lọ́jọ́ tí ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ bá wà. Lóṣù kẹrin 2025 kan náà, ẹgbẹ́ náà ní àwọn fẹ́ pín ọmọlangidi Skenes tó ń mi orí. Láti àárọ̀ ni ìlà ti lọ salalu, ọmọlangidi tán, ọ̀pọ̀ kò rí gbà, ariwo sọ títí ẹgbẹ́ náà fi ṣèlérí pé àwọn á ṣe sí i. Ẹni tó mọ òde àríyá Èkó mọ irú àlejò yìí: ẹni tó wá nítorí ike àti aago ara ògiri, tó bá ti rí tiẹ̀ gbà, kò béèrè orúkọ ìyàwó.

Ọ̀rọ̀ kan wà ní sáà yẹn tí kò pani lẹ́rìn-ín. Roberto Clemente, ọmọ Puerto Rico tó gbá fún Pirates, ni akọni tí Pittsburgh fẹ́ràn jù. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1972 ló kú nínú ọkọ̀ òfuurufú tó fi ń kó ẹrù ìrànwọ́ lọ fún àwọn tí ilẹ̀ ríri ṣe léṣe ní Nicaragua. Nọ́ńbà 21 ló máa ń wọ̀, nítorí ẹ̀ ni ògiri apá ọ̀tún pápá PNC Park fi ga ní ẹsẹ̀ bàtà 21. Àmì 21 kan wà nísàlẹ̀ ògiri náà. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ní 2025, wọ́n rí i pé wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n sì ti fi ìpolówó ọtí dípò rẹ̀. Ọmọ Clemente sọ̀rọ̀ síta pé ẹnikẹ́ni kò bá àwọn sọ ọ́. Kíá ni wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n dá àmì náà padà. Àgbàlagbà Yorùbá tó gbọ́ ọ mi orí títí. Ọtí ni à ń ta sílẹ̀ fún òkú, a kì í fi ta òkú.

Bí wọ́n bá béèrè ìdí tí Pirates fi ń pàdánù, èsì tó máa ń wá ni pé ìlú kékeré ni Pittsburgh. Ìtàn ìlú náà fúnra rẹ̀ ló ń ta ko èsì yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1930, Gus Greenlee wà ní Hill District, àdúgbò aláwọ̀ dúdú tó wà lórí òkè. Ó ní ilé fàájì tó ń jẹ́ Crawford Grill, ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́ nọ́ńbà, tí òfin kò gbà, ló sọ ọ́ di olówó. Líìgì òyìnbó kò gba aláwọ̀ dúdú nígbà náà. Greenlee gba ẹgbẹ́ Crawfords, ó kọ́ pápá tirẹ̀ fún wọn ní 1932, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó fa àwọn tó mọ eré náà jù, títí kan àwọn tó ń gbá fún Homestead Grays nítòsí ibẹ̀. Satchel Paige, Josh Gibson, Cool Papa Bell, Oscar Charleston, Judy Johnson: àwọn márùn-ún yìí jọ wọ aṣọ kan náà, orúkọ gbogbo wọn ló sì wà nínú ilé ìrántí àwọn akọni béésìbọ́ọ̀lù lónìí. Láti àdúgbò kan ṣoṣo nínú ìlú kékeré náà!

Irú Greenlee kò jìnnà sí wa nílé. Kunle Soname, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ Bet9ja sílẹ̀, ló ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Remo Stars. (Kì í ṣe pé à ń polówó tẹ́tẹ́ o, ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ já lánàá kò nílò ìwàásù lónìí.) Ìkẹ́nnẹ́, ìlú Awólọ́wọ̀, ló kọ́ pápá sí, kì í ṣe Èkó. Ní 2025, Ìkẹ́nnẹ́ gba líìgì Nàìjíríà mọ́ Kánò, Abá àti Ẹnúgù lọ́wọ́.

Kódà nínú béésìbọ́ọ̀lù gan-an, Milwaukee wà níbẹ̀. Ìlú náà wà lára àwọn tó kéré jù nínú líìgì, owó tí Brewers sì ń san fún agbábọ́ọ̀lù kò sún mọ́ ti Los Angeles. Síbẹ̀ ìgbà 97 ni wọ́n borí ní 2025, kò sí ẹgbẹ́ tó jù wọ́n lọ kí àwọn Dodgers ìlú Los Angeles tó wá dá wọn dúró nínú ìdíje àṣekágbá. Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wà nínú ẹgbẹ́ yìí pàápàá: láti 2021 ni Giannis Antetokounmpo, ọmọ Adétòkunbọ̀ tí àwọn ará Gíríìsì kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n, ti ra ìpín nínú rẹ̀.

Ká má di gbogbo ẹ̀bi ru Nutting. Ní 2023, ó fọwọ́ sí àdéhùn 106.75 mílíọ̀nù dọ́là ọdún mẹ́jọ fún Bryan Reynolds, èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn ẹgbẹ́ náà títí di ìgbà yẹn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Mets ìlú New York gbé 765 mílíọ̀nù fún Juan Soto nìkan. Olówó ju olówó lọ, kò sì sí ẹni tó ní kí Pittsburgh bá wọn fa á. Kì í sì í ṣe ohun ńlá ni àwọn èèyàn yìí ń béèrè. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2013, tí Pirates padà sí ìdíje àṣekágbá lẹ́yìn ọdún 21, ó lé ní 40,000 èèyàn tó wọ dúdú wá. Wọ́n ń fa orúkọ Johnny Cueto, tó ń jù fún Cincinnati, gùn bí ẹni ń pe ọmọ burúkú: “Kuéééé-to!” Bọ́ọ̀lù yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Èyí tó jù tẹ̀ lé e, Russell Martin gbá a jáde kúrò ní pápá. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣì ń sọ.

Ọmọ Nàìjíríà tó bá jẹ́ ti Arsenal kì í nílò àlàyé púpọ̀ nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti bú Stan Kroenke fún ọ̀pọ̀ ọdún láti Muṣin dé Manchester, ó sì ti fi Dangote gbàdúrà, nítorí Dangote fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ ra Arsenal. Àwọn ará Pittsburgh náà ní ẹni tí wọ́n fi ń gbàdúrà: Mark Cuban, ọmọ bíbí ìlú wọn, tó di olówó ní Dallas. Dangote kó owó tiẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ ìfọpo ní Lẹ́kí. Cuban ta èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín rẹ̀ nínú Mavericks, ẹgbẹ́ Dallas, ó ń ta oògùn olówó pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kroenke kò ta Arsenal, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tú nígbà tó yá, wọ́n ra Declan Rice ní iye tó lé ní 100 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Nutting náà ti ní òun kò ní tà. Ó kù kí ọwọ́ tú. Àdéhùn tó wà láàárín àwọn tó ni ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù àti àwọn agbábọ́ọ̀lù máa parí lọ́jọ́ kìíní oṣù kejìlá 2026, ìjà lórí owó sì ti ń rùn bọ̀ láti òkèèrè. Títí dìgbà náà, ọjọ́ tí Skenes bá máa jù ni kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì jẹun wá láti ilé.