Ẹ Gun Òkè Ìdànrè Ná

Tọkọtaya tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn lè jọ najú dé Dubai láìjà, kí wọ́n kọ́kọ́ gun òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Bí ọkọ bá ti ń mí hẹlẹ ní ìdajì ọ̀nà, tí ìyàwó sì ń bèèrè ẹni tó ní kí wọ́n wá, ìwà ti hàn, owó físà ò sì tíì bọ́ lápò. Ẹnìkan á ní làálàá nìyẹn, kì í ṣe ìsinmi. Ṣé títò ní pápákọ̀ òfurufú pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta tó ń ké wá ni ìsinmi? Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó gba Ìkógòsì lọ, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé láìbára wọn jà. Ẹ má ṣáà mú ìyá ọkọ dání.